Bí Mo Ṣe Kọ́ Ìyàwó Mi Ní Kírẹ́díìtì Káàdì

Ẹ̀wà ni ìyàwó mi ń ṣà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé àwo pẹrẹsẹ lé itan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń yọ òkúta kọ̀ọ̀kan jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ó bá sì ti ju ọ̀kan, á ní, "Káàdì."

Èmi jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. "Má fi ì parí ẹ̀," ni mo ń wí. "Gé e níbẹ̀."

"Káàdì."

"O tún ti fi ì sí i."

Ó gbójú sókè. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni èèyàn ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kí ó tó parí? Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó yìí kì í délé ni? Ṣé ẹnu ọ̀nà ni ó ti ń padà?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà tí ọmọ wa ọkùnrin kọ láti Amẹ́ríkà ló fa ẹ̀kọ́ yìí. Ó tó ọdún méjì tí àwọn ṣọ́jà ti gbé ìjọba fún alágbádá. Ọmọ náà ti kàwé tán níbẹ̀, ó ti fẹ́ ọmọ ibẹ̀, wọ́n sì ti bímọ. Ó kọ ọ́ pé òun ti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ àti fíríìjì, pé kírẹ́díìtì káàdì ni òun fi rà wọ́n. Èmi ni mo ka lẹ́tà náà sókè. Ibi tí mo kà á dé nìyẹn tí ìyàwó mi fi kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọlọ́run ọba, ẹ ṣé o! Ó ti gba kírẹ́díìtì!"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yìí ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá kí ó tó lọ, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì fún un ní páàsì lásán nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò fún un ní kírẹ́díìtì. Ọmọ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì! Ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà nínú ìjọ Aládùúrà wa títí ó fi rù. Lójú tirẹ̀, òyìnbó ti wá fi káàdì tì í lẹ́yìn. Ó ní òun máa dìde jẹ́rìí ní ọjọ́ ìsinmi.

Mo lè jẹ́ kí ó jẹ́rìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ara mi kì í gba àṣìṣe. "Kì í ṣe ti ìdánwò," ni mo wí. "Àwìn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Káàdì àwìn ni."

Ó yíjú sí pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ fún un pé kò sí kírẹ́díìtì lónìí, kí oníbàárà padà wá lọ́la. Àwọn alágbàro tó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣiṣẹ́ oko kòkó a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ọ̀la tí ẹ wí lánàá ti dé o. Ẹ wọn gààrí fún mi." Òun náà á ní, "Lọ bi pátákó. Ó ní ọ̀la ni."

"Àwìn?" ni ó bi mí. "Ọmọ mi ń jẹ àwìn ní ilẹ̀ onílẹ̀? Tí wọ́n tún fún un ní káàdì kí gbogbo ayé lè mọ̀?"

N kò rí irú káàdì bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ìyìn, ó lè jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé, ó sì lè jẹ́ àwìn, ṣùgbọ́n ìwé náà ti pẹ́, kò sọ nǹkan kan nípa káàdì. Ó yẹ kí n sọ fún un pé n kò mọ̀. Tíṣà kì í tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi dé, kò dìde jẹ́rìí. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́.

Ọmọ wa ti dá Ọjọ́bọ̀ kan nínú lẹ́tà náà, tí a ó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Àkúrẹ́ láti fi fóònù bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní ìyàwó ọmọ ni òun máa bi léèrè, kì í ṣe ọmọ. "Ọkùnrin á parọ́ fún ìyá rẹ̀ kí ọkàn ìyá má baà bàjẹ́. Obìnrin ló máa sọ òótọ́ ilé." Ṣùgbọ́n ìyàwó ọmọ kò gbọ́ Yorùbá, ìyàwó tèmi kò sì kọjá ìwé kẹrin. Mo wá kọ gbólóhùn kan fún un, tó túmọ̀ sí pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ti san owó káàdì náà?" Bí ó ṣe ń pè é nìyí: "Mai dọ́tà, ìsì di káàdì péèdì?" Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń gé e, tí òun ń so ó pọ̀.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ tó ṣa ẹ̀wà yẹn, ó ní ẹ̀yìn orí ń fọ́ òun. Kí n tó bu omi dé, ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gààrí. Aládùúgbò wa kan tó ń fi ọkọ̀ kó kòkó gbé wa, ó kọrí sí Àkúrẹ́. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń gbìyànjú láti sọ nǹkan. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń jáde. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má parí ọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ yẹn, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó parí ẹyọ kan péré. A kò tíì dé Àkúrẹ́ tí ó fi dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni a sin ín. Láti ìgbà náà, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn ìyá ìjọ ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń gbé omi sí balùwẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Aládé, ó ń sùn ní yàrá mi, òun ló tilẹ̀ ń bá mi wá bàtà mi. N kò ní agbára láti kọ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ ku ọ̀la, ó pè mí. "O kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù o. Sọ pé ara ìyá rẹ̀ kò yá, kí ó máa bọ̀ nílé. A kì í dédé túfọ̀ ìyá fún ọmọ."

"Mo gbọ́."

"Ṣé kí n bá ọ lọ?"

"Rárá. Èmi nìkan ni n ó lọ."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí o kò tíì dá bàtà wọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Mo lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí akọ̀wé fi pè mí pé fóònù ti wọlé. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo ní. Ìyàwó ọmọ mi ló gbé e. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń retí, nítorí kí n tó lanu ni ó ti ń sọ Yorùbá tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ: "Ẹ káàsán, Mà." Ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ó wálẹ̀ níbi tó yẹ kó lọ sókè. Òun náà ti fi ọjọ́ púpọ̀ dánra wò. N kò tún un ṣe fún un.

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé èmi ni, kì í ṣe ìyá.

"Sọ́rì?" ni ó wí.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ sí là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi pé ó ti gbọ́ ìròyìn náà. Ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni ó tó yé mi pé kò gbọ́ ohun tí mo ń wí ni. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò wọ ọmọbìnrin náà létí. Odidi ìṣẹ́jú kan ti lọ kí ó tó gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ohun tí mo bá wá, kò ní sí àyè mọ́ láti bi í ní ìbéèrè ìyá rẹ̀. Mo kọ́kọ́ bi í.

"Káàdì tí o fi ra fíríìjì yẹn, ṣé gbèsè ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ha, Bàbá! Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo ti san án tán. Báńkì kì í fún ẹni tí wọn kò bá fọkàn tán ní káàdì yẹn. Màmá ńkọ́? Ẹ gbé fóònù fún wọn."

Akọ̀wé fọwọ́ gbá gíláàsì tó wà láàárín wa, ó na ìka kan sókè sí mi pé ìṣẹ́jú kan ló kù. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ ti wà lẹ́nu mi.

"Bàbá, ẹ gbé e fún wọn o, owó ń lọ."

"Ìyá rẹ ti kú," ni mo wí. "Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni a sin ín."

Ìlà fóònù kò já. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Mo di fóònù náà mú sétí, mo dúró tì í títí ìṣẹ́jú náà fi pé.