Búṣì Tí Kò Mu Gírísì: Ìdágbére Sàráfà fún Ọkọ Rẹ̀, Sámúẹ́lì Àkànbí

Ó dìgbà o, Bàbá Bọ̀dé. Òkúta tí ẹ fi gbogbo agbára yín bá jà ló padà fò wá bá yín nídìí iṣẹ́, ó lu páànù òrùlé já, ó sì pa yín. Wọ́n ní kí n má wo ojú yín kí wọ́n tó dì yín. Mo wò ó. Ojú ọkọ mi ni.

Àkànbí ọmọ Ìgbẹ̀ìn, ọkùnrin gíga tí í tẹrí ba kí ó tó wọlé, tọ́nà tó ń fá irin, tí irin ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ wá fẹ́ mi nílé bàbá mi ní Kẹ́mta, ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ọmọ ìmàle, àwọn àgbà ilé wa sì kọ̀. Làsísì àbúrò mi nìkan ló dúró tì yín. Ó ní, "Ẹ fún un, ẹ̀yin bàbá. Ẹni tí kì í purọ́ fún irin kò ní purọ́ fún obìnrin." Ẹ kò gbàgbé. Nígbà tí òun náà ń wá iṣẹ́, ẹ mú un lọ síbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú.

Bẹ́líìtì gígùn kan ló ń gbé òkúta lọ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń rún un níbẹ̀. Ọ̀pá irin ló ń yí bẹ́líìtì náà, inú òrùka idẹ tí wọ́n ń pè ní búṣì sì ni ẹnu ọ̀pá náà ti ń yí. Bí kò bá sí gírísì nínú búṣì, irin á gbóná, á sì gan. Bí gírísì bá sì wà níbẹ̀, eruku òkúta á lẹ̀ mọ́ ọn, á wá máa jẹ irin bí iyanrìn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ láti nu ti àná, kí ó sì fi tuntun sí i. Làsísì ni wọ́n fún níṣẹ́ yìí. Màníjà kì í jẹ́ kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bẹ́líìtì gbá apá aṣọ Làsísì mú. Ẹ kò fi ohunkóhun pamọ́ fún mi: ẹ̀rọ náà fa apá rẹ̀ tu léjìká, ó sì gbé apá náà pọ̀ mọ́ òkúta lọ. Ẹ̀yin lẹ sáré pa ẹ̀rọ. Ẹ fi ṣẹ́ẹ̀tì yín di ojú egbò, ẹ gbé e mọ́ àyà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tán kí ọkọ̀ tó wọ ìgboro. Màníjà ní kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára bẹ́líìtì, kí iṣẹ́ máa lọ. Ẹ gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ọ̀pá irin lù yín títí egungun ìhà yín fi ṣẹ́, wọ́n sì jù yín sí ìta géètì.

Mo fẹ́ ẹ̀san. Mo ní kí ẹ lọ dáná sun màníjà mọ́lé. Ẹ di ìhà yín mú, ẹ ní, "Sàráfà, bí mo bá pa màníjà, wọ́n á gba òmíràn. Ọwọ́ ẹlòmíràn á tún wọ ibẹ̀. Gírísì yẹn ni mo fẹ́ mú kúrò."

Ẹ yá ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ yín kan ní Kẹ́mta. Igi líle lẹ kọ́kọ́ fi ṣe búṣì. Ó jóná, èéfín lé wa síta. Ẹ padà sórí idẹ, ẹ lu ihò sí i lára, ẹ sì fi kábọ̀n dúdú tí ẹ yọ nínú àwọn jẹnẹrétọ̀ tó ti kú dí gbogbo ihò náà. Bí ọ̀pá bá ti ń yí, kábọ̀n á máa ra ọ̀pá lára, á máa yọ̀ láìsí ẹ̀kán òróró. Àkọ́kọ́ nínú oníkábọ̀n yìí fọ́, ó fò, ó la ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ẹ nu ẹ̀jẹ̀ nù, ẹ sì fá òmíràn.

Nígbà tí ẹ gbé e lọ, wọ́n ti géètì mọ́ yín. Àwọn òṣìṣẹ́ ju òòlù sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ mọ́. Màníjà pe ọlọ́pàá. Èéfín tajútajú bo gbogbo ibẹ̀, òkúta ń fò, orí ń fọ́. Àwọn ọlọ́pàá tì yín mọ́lé, wọ́n lù yín débi pé etí òsì yín kú pátápátá, ọ̀tún sì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ dúró, bàbá àgbà tó ni ibẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tú yín sílẹ̀, kí wọ́n fi búṣì yín sí i. Ẹ̀rọ yí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n pa á, bàbá náà fi àtẹ́lẹwọ́ kan búṣì, ó ní, "Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni." Ẹ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sì bèèrè ọwọ́ ẹnikẹ́ni." Wọ́n fi irú rẹ̀ sí gbogbo bẹ́líìtì, wọ́n lé màníjà, wọ́n sì dá yín padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọkọ rere, bí Iléyá bá dé, ẹ̀yin Kìrìsítẹ́nì lẹ máa ń di àgbò mú fún ìyá mi, nítorí ọmọkùnrin tó yẹ kó dì í mú ti lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi dáínámáìtì fọ́ àpáta níbi iṣẹ́ yín, wọ́n fọn fèrè kí gbogbo ènìyàn sá. Gbogbo wọn sá. Ẹ̀yin kò gbọ́. Àwọn tó lù yín títí etí yín fi di ni wọ́n pa yín, ó kàn pẹ́ ni.

Bí mo ti ń sọ èyí fún Bọ̀dé ọmọ wa kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ibojì yín ní Ìgbẹ̀ìn. Wọ́n ti kan àpáta. Ẹnì kan dábàá dáínámáìtì, àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ yín sì fẹ́ lù ú. Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gba òòlù lọ́wọ́ ara wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ọwọ́ wọn bí wọ́n ti ń gbé e sókè. Gbogbo ọwọ́ náà ló pé.

Ẹ sùn re o, Àkànbí, ọkọ Sàráfà. Ẹ kò jẹ wá ní ohunkóhun mọ́.