Omi Tó Pa Àlùbọ́sà Mi

Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mo fa àlùbọ́sà kan tu lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Saddle Ridge lókè òkun níbí, ó rà mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Mo fa èkejì, bákan náà ni.

Àlùbọ́sà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní shallots ni. Mo ti rì wọ́n mọ́lẹ̀ kí snow tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yọ́, wọ́n yọrí. Yìnyín ìgbà ooru lu ewé wọn ya, wọn ò kú. Tí a bá fi wọ́n dín ata, ọbẹ̀ náà máa ń dùn ju ti àlùbọ́sà ilé ìtajà lọ fíìfíì. Àmọ́ tí ewé wọn bá ti wó lulẹ̀, wọ́n ti gbó nìyẹn. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ bomi rin wọ́n mọ́, kí èèpo wọn lè gbẹ.

Ìyá ọkọ mi, tó wá bá wa tọ́jú ọmọ, rí ewé tó wó, wọ́n rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ wọ́n. Ni wọ́n bá ń bomi rin wọ́n láràárọ̀. Mo bẹ ọkọ mi kó bá mi sọ fún wọn, torí ẹnu ọkọ ni ìyàwó fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ.

"No wahala," ló wí. Nígbà tí mo tún bi í, ó ní, "Màmá ti gbọ́ now."

Irọ́ burúkú! Ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí Màmá tó gbé omi jáde láàárọ̀, mo ti wọ train. Tí mo bá dé tí ilẹ̀ tutù, màá ní òjò ni.

Mo gbé èyí tó jẹrà wọlé, mo jù ú síwájú ọkọ mi lórí tábìlì.

"Kí lo sọ fún Màmá?"

Ó ń wo fóònù rẹ̀.

"Kí ló yẹ kó sọ fún mi?" Màmá béèrè.

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn mi ò kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Omi tí ẹ ń bù sí àlùbọ́sà ló pa wọ́n. Mo ní kó sọ fún yín, kò sọ."

Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Ṣé mo máa ń bu èèyàn jẹ ni?"

"Màmá, mi ò fẹ́ kí inú bí yín ni."

Màmá bọ́ sí ọgbà, wọ́n ṣa ìwọ̀nba tí kò tíì rà, wọ́n fi dín ata. Wọ́n bu oúnjẹ tèmi, wọ́n bu tiwọn. Bí ọkọ mi ṣe fa àga, wọ́n bo ìkòkò.

"Tìẹ wà nínú ọgbà," ni wọ́n wí. "Lọ hú u jẹ."