Oríkì Inú Àmì Ìlú Olùkọ́ Mi

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo ki olùkọ́ wa ní kíláàsì, níbí ní Barking nílùú òyìnbó. Ọmọ Ireland ni wọ́n. Wọ́n ti ya àwòrán àmì ìlú wọn fún wa lọ́jọ́ tó ṣáájú: ilé ìṣọ́ tí ogun kò wó rí, àti ẹja tó bọ́ ìlú nígbà ìyàn. Wọ́n ní kí kálukú wa wá ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Mọ́mì wo àwòrán náà tí mo dà kọ sínú ìwé mi nílé. “Oríkì rèé. Ṣe ni kó o fi kì wọ́n.”

Nígbà tó kàn mí, mo kúnlẹ̀: “Ọmọ ilé ìṣọ́ tí ogun ò lè wó, ọmọ ẹlẹ́ja tí ìyàn ò lè pa.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ dìde, wọ́n nu omijé ojú wọn.

“Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ ibo ni ẹ́?”

Mo dìde, mo ki ara mi lóríkì Ìjẹ̀bú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.