Mọ́tò Tó Mu Sódàbì Ìyá Mi

Ẹni tí ọmọ bá ti dábùú nínú rẹ̀ rí ni kó wá bá mi jiyàn nípa ìrora. Ẹlòmíì kó panu mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní Pobè, ìyá agbẹ̀bí fọwọ́ bà mí níkùn títí, ó ní apá òun kò ká a, àfi dókítà Sakété. Bí a kò bá yára, ọmọ á kú, èmi náà á sì tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ ojú irin ti lọ lánàá. Ọkọ mi wà lójú ogun àwọn òyìnbó, ogun kan náà yẹn ni kò jẹ́ kí esáńsì tí mọ́tò ń mu wọ̀lú mọ́. Mọ́tò kan ṣoṣo ló wà nítòsí, ti bàbá ìmàle kan, oníṣòwò ará Sakété tó wá kó ekùrọ́. Ó dúró síbẹ̀ gbagidi, kò sí nǹkan nínú táǹkì rẹ̀.

Ìyá mi ló sọ pé kí wọ́n fún mọ́tò náà ní sódàbì, ògógóró tiwa. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀wọ̀n ni pípọn sódàbì nígbà náà, inú igbó ni ìyá mi ti ń pọn ọ́n. Àwọn ọ̀pẹ arúgbó tí kò so mọ́, tí wọ́n gé lulẹ̀, tí wọn ì bá máa jẹrà lóko, ni ó ń fa ẹmu ara wọn. Tí ẹmu bá kan tán, á sè é, oru rẹ̀ á gba inú ọ̀pá bàbà kọjá nínú omi tútù, á sì máa kán sínú ìgò. Ìhá àti èèpo ekùrọ́ ló fi ń dáná. Pàǹtí lásán ni gbogbo rẹ̀.

"Àsìtagfírúláì!" ni bàbá ìmàle ké. "Ọtí? Nínú mọ́tò tèmi?"

Mo pariwo látorí ẹní. Wọ́n ní mo bú u tìran tìran, mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ dòní. Ó wò mí, ó wolẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Èmi ni mi ò gbọdọ̀ mutí. Mọ́tò kì í kírun."

Wọ́n da sódàbì sínú táǹkì, wọ́n tẹ́ mi sórí àpò ekùrọ́. Ìyá mi kó ìkòkò àti ọ̀pá bàbà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, torí kò fẹ́ kí gáàdì, ọlọ́pàá àwọn òyìnbó, bá wọn nílé. Mọ́tò wúkọ́, ó gbéra. Nígbà tí a dé àárín ọ̀nà, ó kú.

Àṣà àwọn tó ń pọn ọtí lọ́dọ̀ wa ló kó bá wa. Èyí tó kọ́kọ́ kán máa ń le bí iná, èyí tó kán kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi. Wọ́n á da méjèèjì pọ̀ kí ọ̀fun oníbàárà má baà bó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe é, ó gbàgbé pé mọ́tò kò lọ́fun.

"Màá tún èyí tó kù nínú táǹkì sè," ló wí. "Èyí tó bá kọ́kọ́ kán nìkan la máa lò."

Ó dáná sẹ́bàá ọ̀nà lọ́sàn-án gangan. Èéfín ń lọ sókè, gbogbo ayé ń rí i. Bàbá ìmàle bọ́ fìlà, ó ń fi í fẹ́ná. Ẹ̀rù bà mí ju ìrora lọ. Ọmọ ti ń rọlẹ̀ nínú mi, kò tapá mọ́. Ìgbà náà ni gáàdì kan gun kẹ̀kẹ́ dé.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń sè?"

"Ọtí ni."

"Ẹ ẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni?"

"Mo mọ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Jẹ́ kó kán tán kó o tó dè mí."

Ó yọjú wò mí nínú mọ́tò. Nígbà tí ìgò kún, ó ní ẹ̀rí òun nìyẹn, òun á gbé e fún kọ̀mándà, ọ̀gá òun. Ó jẹ́ kí wọ́n bu díẹ̀ sí táǹkì, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí àpò, ó bá wa wọ mọ́tò. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ti wúkọ́, bàbá ìmàle á sọ̀ kalẹ̀, á na ọwọ́ sí ìgò.

"Ẹ̀rí mi ni o!"

"Ṣé kí n pa mọ́tò ni?"

Gáàdì á wo ojú mi, á sì gbé ìgò sílẹ̀.

A dé Sakété, ìgò gbẹ. Dókítà ti ìlẹ̀kùn. Ohun tó ṣe fún mi níbẹ̀, ẹ má bi mí. Kò pẹ́ tí igbe ọmọ fi ta. Mo gbọ́ gáàdì lóde.

"Ìyá, kí ni màá wá fi han kọ̀mándà báyìí?"

"Ìwọ náà gbọ́ igbe yẹn. Fi ìyẹn hàn án."

Gáàdì rẹ́rìn-ín. Mo ní a ti bọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ọ̀pá bàbà ìyá mi ró gbangan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́tò kò mu èyí," ni gáàdì wí.

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wọlé wò wá, gáàdì ní ilẹ̀ ń ṣú. Ó mú un lọ. Mo sunkún débi pé dókítà bínú sí mi.

Nígbà tí wọ́n tú ìyá mi sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ọmọ mi ti ń dá jókòó. Mo gbé e fún un, kò gbà á. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ẹní. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wò ó ná, pé igbe rẹ̀ nìkan ni òun mọ̀.