Oṣù Méjì Tí Mo Fi Pamọ́

Lọ́dún tí mo lóyún àkọ́bí mi, òórùn ìpara irun kì í kúrò lára mi. Onídìrí ni mí, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo sì ní nígbà náà lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, lóyún lásìkò kan náà pẹ̀lú mi. Bí mo bá ń dirun fún un, àwa méjèèjì á máa mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Lọ́jọ́ kan ó fi àwòrán ọmọ inú rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, èyí tí wọ́n fi síkáànì yà fún un, ó ní, "Ìgbà kẹta rèé. Tìrẹ ńkọ́?" Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì ilé ìlera ìjọba ti ní kí èmi náà lọ ya tèmi, ṣùgbọ́n agbára wa kò ká a. Ìka ò dọ́gba, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ló burú jù. Ìyá ọkọ mi ti kìlọ̀ fún mi pé a kì í ka oṣù inú sétí ayé. Ẹni tó bá bèèrè, kí n ní ó ṣì kù díẹ̀. Ìmọ̀ràn àgbà ni, kò sì ṣe nǹkan kan láàárín àdúgbò. Èmi ọlọ́gbọ́n wá gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tó bèèrè ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn, àwọn aboyún kún gbogbo ibẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ wa. Mo yọ oṣù méjì kúrò. Inú mi kò tóbi rárá, nítorí náà ó gbà mí gbọ́, ó kọ ọ́ sí káàdì. Mo jáde, mò ń yangàn pé mo ti gbọ́n ju ayé lọ. Ayé wo ló wà níbẹ̀, ẹ gbà mí! Àwọn obìnrin tí ẹ̀yìn ń dùn bíi tèmi ni.

Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é ní Ìgándó tí mò ń gbé ni pé a ó gba káàdì ní ilé ìlera, a ó sì lọ bímọ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, torí ó súnmọ́ ilé, ìyá àgbẹ̀bí ibẹ̀ kì í sì í jágbe mọ́ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ ní òwúrọ̀ tí orí ń fọ́ mi, tí ojú mi ń ṣú, tí ẹsẹ̀ mi wú débi pé sílípáàsì ọkọ mi ni mo wọ̀. Ó tẹ ojúgun mi, ibẹ̀ jin, kò sì pa dà. Ó fọwọ́ wá inú mi.

"Oṣù mélòó?"

"Méje, Màmá."

"Ta lò ń tàn? Ọmọ yìí ti pé. Ojú àti ẹsẹ̀ tó wú yìí ò sì dáa. Èyí kọjá ọwọ́ mi. Dìde, ọsibítù là ń lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ gbàdúrà fún mi ná. Ó ní, "Inú kẹ̀kẹ́ la ti máa gbà á." Pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn àti ẹsẹ̀ lásán, ó tì mí wọ kẹ̀kẹ́.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ru kọjá ààlà. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin, wo káàdì mi. "Oṣù keje. Ọmọ ò tíì gbó. Ẹ jẹ́ ká fún wọn lóògùn, ká ṣì dá a dúró sínú."

Ìyá àgbẹ̀bí yíjú sí mi. "Ṣé o ò gbọ́ ni? Sọ̀rọ̀, jàre! Ẹ̀mí méjì ló wà lẹ́nu rẹ."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Yàrá náà kún, gbogbo ojú sì ń wò mí. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa. Mo ti wọ oṣù kẹsàn-án."

Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́," ó sì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní wọ́n dúró bí káàdì ṣe wí, ó ṣeé ṣe kí gìrì mú mi, kí àwa méjèèjì sì bá a lọ.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Oníbàárà mi náà bí tirẹ̀ láyọ̀, ó kó aṣọ ọmọ wá kí mi kú ewu, mo sì bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ká ní òun ló pa irú irọ́ tí mo pa, síkáànì mẹ́ta ì bá ti tú àṣírí rẹ̀. Ní tèmi, ẹnu mi nìkan ni wọ́n ní tí wọ́n lè fi mọ inú mi.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbẹ̀bí, ó ní kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun ò ṣe nǹkan kan. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n kò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí àgbẹ̀bí, tó sì lè wojú aboyún kó ní èyí kọjá ọwọ́ òun, ẹni náà ṣe nǹkan ńlá. Mo mọ̀ pé lónìí yìí, obìnrin kan wà tí kò lówó síkáànì bíi tèmi, tó dùbúlẹ̀ níwájú ẹni tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni mo máa ń fi parí àdúrà ọpẹ́ mi.