Amọ̀ Sítáàṣì àti Ọwọ́ Ìyé

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ fún àwọn ìka tí o fi sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn, ohun tí n kì í rántí dúpẹ́ fún títí ọwọ́ màmá mi fi kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

Ìyé ni gbogbo wa ń pè é nílé wa ní Kábà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ sípò, ẹnu rẹ̀ náà padà, kódà ó mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù. Kò lè di ṣíbí mú. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa pé bí ọwọ́ náà bá wà bẹ́ẹ̀, àwọn ìka lè ká kò, kí wọ́n má sì nà mọ́. Ó fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kí ó máa tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀.

Ìyé wo bọ́ọ̀lù náà. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ máa gbá bọ́ọ̀lù ni?" Ó jù ú fún ajá.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wa. A máa ń fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe amọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í sun níná lẹ́yìn tí a bá ti mọ ọ́n. Atẹ́gùn ló ń gbẹ ẹ́. Mo bá gbé iṣẹ́ náà wálé. Mo da sítáàṣì pọ̀ mọ́ góòmù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ó má baà bu, mo kán òróró díẹ̀ sí i. Mo gbé e ka iná tí kò le, mo ń rò ó bí ẹni ń ro ọkà, títí ó fi já kúrò lára ìkòkò.

"Kí lò ń sè yẹn?"

"Amọ̀ ni, Ìyé."

"Amọ̀ tí wọ́n ń sè! Ẹ wá wo ohun tí ìwé kíkà fi ọmọ mi ṣe."

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pò ó tán, tí mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, kò jù ú fún ajá. Ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ní adìẹ lòun fẹ́ mọ.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, ọyẹ́ la máa ń dúró dè tí a bá fẹ́ gbẹ nǹkan. Mo kó àwọn adìẹ Ìyé lọ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ tí a sá, inú mi sì ń dùn pé Ọlọ́run rán atẹ́gùn sí wa lásìkò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti sán. Orí òmíràn ti já bọ́. Ẹ̀yìn wọn gbẹ, inú wọn ṣì tutù. A tún un ṣe, ó tún sán.

Ìyé kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Fi mí sílẹ̀," ó ní. "Ohun tí ọwọ́ yìí bá ti kàn, bíbàjẹ́ ló ń bàjẹ́." Ó ká ọwọ́ náà sábẹ́ ìró rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn ju ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti mọ ẹyọ kan sí i. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni àbúrò bàbá mi obìnrin wọlé, ó wá kí i láti ìlú Ìyàrá. Mùsùlùmí ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bíi ti Ìyé.

"Okun o, ìyàwó wa!"

Kíá ni Ìyé fa ìborùn rẹ̀ bo adìẹ náà mọ́lẹ̀ lórí àpótí.

"Kí lẹ fi pamọ́ fún mi? Àkàrà?"

"Kò kàn yín, ọkọ mi."

Àǹtí lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ wa, Ìyé kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìborùn yẹn. Ní àárọ̀ tí Àǹtí fẹ́ padà sílé, ó ṣí i fúnra rẹ̀. Adìẹ náà gbẹ délẹ̀. Kò sán níbì kankan.

"Àlùhámdùlíláì! Ìyàwó wa, adìẹ yín kò lójú, ṣùgbọ́n ó le bí òkúta. Èmi ni mo ni ín. Ẹ mọ àgbò fún mi de Iléyá, irú èyí tí kò ní jẹ koríko."

Ìgbà náà ni ó yé wa pé ọyẹ́ ti yára jù fún amọ̀ yìí. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ni a ń gbẹ ẹ́, lábẹ́ aṣọ. Ìyé mọ àgbò, ó mọ ewúrẹ́, ó mọ ohun kan tó ní nọ́ọ̀sì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, amọ̀ tán. Mo ní kó dúró di ọ̀la, ó ní òun kò dúró. Mo ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ó na ọwọ́, ó fa etí mi.

"Yéè! Ìyé!"

Mo wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó ṣì di etí mi mú, kò tíì fi í sílẹ̀, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, kí Ọlọ́run pa ọwọ́ rẹ mọ́. Ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní sán mọ́ ọ lọ́wọ́, wàá sì rí ẹni tí yóò fà ọ́ létí pẹ̀lú ìfẹ́. Àmín.