Ọ̀dà tí mo kùn sára katakata Bàbá

Bàbá mi, èmi gan-an ni mo ba katakata yín jẹ́!

Láti ìgbà tí mo ti kùn ún lọ́dà fún ìrántí ọdún kan tí ẹ lọ, bátìrì rẹ̀ kò gba iná mọ́. Bọ̀ọ̀dá ní ká ta katakata náà fún àwọn tó ń ra irin.

Lónìí, ríwáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, wá láti Kakuri. Ó tú dáínámò tó ń fún bátìrì níná, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Haba, Àǹtí! Ẹ kun ọ̀dà síbi tí irin ti ń kan irin. Ibo ni kí iná gbà kọjá?”

Ó ha ọ̀dà náà kúrò, ó de dáínámò náà padà. Bátìrì ti ń gba iná!

Bọ̀ọ̀dá ti gorí katakata náà, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ta ló tún ti fi ìfẹ́ ba nǹkan jẹ́ rí?